Odindi Ìdọ̀bálẹ̀ ní Agboju

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Festac tí ẹ béèrè Jayéọlá, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Bọ̀dá Ààbọ̀ wò. Ọmọ tí wọ́n rán ní búrẹ́dì á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi Akínfẹ́nwá ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò jókòó sí kíláàsì kankan rí, ara bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì ti kà á débi pé lọ́yà méjì ló ti wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Àwọn méjèèjì ló borí ẹjọ́. Nítorí náà, ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ààbọ̀. Ará Ìlá ni Bàbá Àyìnkẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní wáàfù títí tó fi fẹ̀yìn tì, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Jayéọlá kọ́ iṣẹ́ púlọ́ńbà, ó fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ó kọ́ ilé kíkùn, ọ̀dà ò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi sá lọ sídìí fáànù títúnṣe. Ilé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbà dúró sójú fèrèsé, koríko ti gba inú pálọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Àyìnkẹ́, bàbá náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ààbọ̀ èèyàn lẹ mú wá fún mi yìí. Ẹ lọ mú ìyókù rẹ̀ wá." Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ò tíì tán di bí mo ṣe ń wí yìí.

Jayéọlá fúnra rẹ̀ máa ń bá wọn rín in. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ni ọjọ́ tí Bukky ọmọ rẹ̀ ti iléèwé dé, tó ronú títí, tó wá ní, "Dádì, tí ẹ̀yin bá jẹ́ ààbọ̀, ṣé ìdámẹ́rin wá lèmi?"

Kò bú ọmọ náà, kò nà án. Ó jáde síta, ó lọ jókòó ti jẹnẹrétọ̀ kan tó tú palẹ̀ tí kò tíì tò padà. Ibẹ̀ ni mo bá a.

"Bàbá Akínfẹ́nwá," ó ní, "kí lèèyàn lè ṣe tí wọn ò ní lè pè é ní ààbọ̀ mọ́?"

Mo ní, "Ṣé o rí àwọn ọmọ tó ń sáré kọjá níbí láràárọ̀ yẹn? Eré-ìje Èkó ni wọ́n ń múra sí. Kékeré wà, odindi wà. Kìlómítà méjìlélógójì àti díẹ̀ ni odindi. Ta ló máa pe ẹni tó bá sá odindi ní ààbọ̀?"

Báyìí ló ṣe wọ ẹgbẹ́ asáré. Tẹjúmádé ni kóòṣì wọn, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Festac, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í yí i padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Jayéọlá, "kí ẹ tó lè sá odindi, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wa sá kìlómítà méjìlélọ́gbọ̀n ní Sátidé kan. Ẹ lè rìn níbẹ̀ o. Tó bá wù yín, ẹ rákòrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ ọkọ̀, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá gbé yín dìde, kékeré lẹ máa sá lọ́dún yìí. Ẹ ò ní bá mi jà?"

"Mi ò ní jà, Kóòṣì."

Sátidé náà dé. Wọ́n gbéra ní First Gate kí oòrùn tó yọ. Èmi àti Samson tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá la tẹ̀ lé wọn, a gbé omi inú ọ̀rá àti gúlúkóòsì dání. Èmi ni mo yan ara mi sí iṣẹ́ náà, torí ta ló tún mọ eré sá jù mí lọ? Nígbà ọ̀dọ́ mi, mo bá ọkọ̀ ojú irin sáré láti Ọ̀fà dé Òṣogbo. Nígbà tí a dé Ìkìrun, awakọ̀ náà yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ọ̀rẹ́, rọra, o ń dójú ti ìjọba."

Ní títì Raji Rasaki, Jayéọlá ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń fọ eyín níwájú ilé pariwo sí i, "Bọ̀dá! Àgbà kì í sáré lásán o, kí ló ń lé yín?"

"Orúkọ ni!" Jayéọlá dá a lóhùn, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tó máa fi dé Satellite Town, láàárín àwọn tánkà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ, kò sí ẹ̀rín mọ́. Àwọn yòókù ti pòórá mọ́ ọn lójú. Iyọ̀ ti gbẹ sí i lójú bíi ti ẹja gbígbẹ. Kì í gbé ẹsẹ̀ mọ́, ó ń wọ́ ọ ni.

"Bàbá," Samson sọ sí mi létí, "ẹ jẹ́ kó wọ kẹ̀kẹ́ jàre. Ta ló máa mọ̀?"

"Òun á mọ̀," mo ní.

Mo na omi sí i, ó gbà á, ó dà á sórí, kò rántí mu ún. Ìmọ̀ràn kún orí mi bí omi ṣe ń kún àgbá, kò sí ọ̀kan tó wúlò nínú rẹ̀. Mo ń sọ pé "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," bí ìgbà tí èèyàn ń kí aláboyún tó ń rọbí. Kí lọkùnrin lè ṣe nídìí ìrọbí ju pẹ̀lẹ́ lọ?

Báyìí la ṣe dé Agboju lápadàbọ̀. Iwájú ilé Bàbá Àyìnkẹ́ ni ọ̀nà eré náà gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń sá a tẹ́lẹ̀, bàbá náà kì í tíì jí. Lọ́jọ́ yìí, Jayéọlá ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Bàbá ti jí, ó ti jẹun, ó ti gbé àga síta, ó fi ọ̀pá ti itan.

"Gba òdìkejì!" mo kígbe látinú kẹ̀kẹ́. Ojú àna ti mú ojú àna.

Jayéọlá ò dúró. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìrìn, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí àwọn ọmọ Èkó ṣe máa ń ṣe é, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà," ó sì ń bọ́ síwájú.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìdọ̀bálẹ̀ ààbọ̀! Kí ni mo tún ń retí tẹ́lẹ̀?"

Jayéọlá ti kọjá. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúró gbagidi.

"Jayéọlá, máa lọ! Má dá a lóhùn!"

Ó padà. Ó rìn wá síwájú bàbá náà, ó fi àyà lélẹ̀, ó fi ikùn lélẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Odindi ìdọ̀bálẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé Ìlá kí a tó bí èmi gan-an.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá mi."

"Ó dáa. Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní ó dáa. Dìde, ó tó."

Kò mira. Pajápajá ti gbá a mú ní itan méjèèjì, a rí bí iṣan ṣe ń fò lábẹ́ awọ. Samson bẹ́ sílẹ̀ pé kóun gbé e, Jayéọlá figbe ta: "Ẹ má fọwọ́ kàn mí!"

Igbe yẹn ló kó èrò jọ. Àwọn tó ń lọ sọ́jà Agboju dúró. Kí ni wọ́n rí? Ọkùnrin tí òógùn bò, tó dojú bolẹ̀ níwájú arúgbó tó di ọ̀pá mú. Ìyá kan gbé igbá tòmátò rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣàánú, Bàbá. Ohun yòówù kó ṣe fún yín, ẹ foríjì í."

"Kò ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ bí inú ṣe ń bí wọn?"

"Inú ò bí mi!"

"Bí inú ò bá bí yín, ẹ ní kó dìde."

"Mo ti ní kó dìde! Ìwọ yìí, dìde, wọ́n fẹ́ sọ mí dìkà!"

Ohùn kékeré kan ti ilẹ̀ wá. "Mi ò lè dìde, sà."

"Kí ló wí?" ẹnì kan béèrè lẹ́yìn.

"Ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá foríjì òun."

"Háà! Ọmọlúwàbí ni."

Mẹkáníìkì kan tí a kò mọ̀ rí dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jayéọlá. "Bàbá, nítorí tèmi!" Èmi tí mo ti fẹnu parí ìjà láàárín ìlú méjì, mo ń ṣàlàyé fún wọn títí ohùn fi ha mí, ẹnìkan ò gbọ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ bàbá.

Bàbá Àyìnkẹ́ bá dìde, ó rìn dé ibi orí ọkọ ọmọ rẹ̀. Ìbàdí tiẹ̀ náà ò ṣe é tẹ̀ mọ́ látọjọ́ wáàfù. Ó na ọ̀pá sísàlẹ̀.

"Dì í mú, kí n fà ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, rárá. Tí wọ́n bá fà mí dìde, ààbọ̀ náà ni mo jẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Èmi àti Samson wò ó lójú. Bàbá náà fa ọ̀pá rẹ̀ padà.

A dúró bẹ́ẹ̀. Èrò yí ẹnì kan ká, ọwọ́ pọ̀, àánú pọ̀, ẹnìkan ò lè ṣe nǹkan kan. Adìyẹ kan ń wá sún mọ́ Jayéọlá lórí, Bàbá sì ń fi ọ̀pá rẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ó ń padà wá, ó ń lé e. Ohun tó lè ṣe fún un kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tó wu pajápajá náà, ó tú u sílẹ̀. Jayéọlá kọ́kọ́ gbé ìdí sókè bí ọmọ tó ń kọ́ ìrákòrò, ó fi ọwọ́ gun itan ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, ó nàró. Ìyá onítòmátò gbé igbá rẹ̀. "Wọ́n ti foríjì í o, ẹ ṣé, Bàbá!" Jayéọlá ò wo ẹnìkankan. Ó ń tiro lọ.

"Akínfẹ́nwá," Bàbá ní, "gbé mi sínú nǹkan yín yìí."

Kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé Jayéọlá díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé First Gate. Gbogbo àwọn asáré ti túká. Tẹjúmádé nìkan ló dúró, ó ti wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ ṣe ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti fi àfọ́kù bíríkì fa ìlà sórí títì.

Jayéọlá dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà. Ó dúró, ó ń wo èkejì bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Bàbá di irin kẹ̀kẹ́ mú. Èmi náà dì í mú.

"Ẹ̀gbọ́n," Tẹjúmádé rọra ní, "ẹ gbé èyí tó kù wá."

Jayéọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé orúnkún ara rẹ̀, ó fà á kọjá. Ó wá subú jókòó sétí gọ́tà.

"Odindi lẹ máa sá," Tẹjúmádé ní.

Bàbá Àyìnkẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó rìn lọ bá a. Látọjọ́ tó ti fún un lọ́mọ, "Ààbọ̀" ló ń pè é, tàbí "ìwọ yìí."

"Jayéọlá," ó ní.

Ó mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí. Mo rí i bó ṣe wọnú rẹ̀ lọ. Jayéọlá fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó lè dọ̀bálẹ̀ jẹ́ ẹ, ìdí ò gbéra. Ó tún tì í.

"Ẹ má bínú, sà. Kò ṣe é ṣe."

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu." Bàbá fẹ́ jókòó tì í, ìbàdí kọ̀. Báyìí la fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú oòrùn, ọ̀kan ò lè dìde, èkejì ò lè jókòó.