Máàkì Tósìn

Lónìí ni mo sọ fún kíláàsì mi pé ká yọ máàkì ọmọ tó ti kú kúrò.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Àkúrẹ́. Ọ̀la ni àwọn ọmọ mi máa ṣe ìdánwò lórí t-test àti confidence interval, ni mo bá ní ká fi máàkì tiwọn ṣe àpẹẹrẹ. Ká fi ti táàmù tó kọjá wé ti táàmù yìí, ká mọ̀ bóyá wọ́n ti tẹ̀síwájú lóòótọ́.

Bọ́lá nawọ́ sókè. "Mà, Tósìn ò ní ti táàmù yìí."

Ibà ló pa Tósìn nígbà ọlidé. Oǹdó ni wọ́n sin ín sí.

Mo ní, "Ẹni tí kò bá ní máàkì méjèèjì, a máa yọ ọ́ ni. Bí t-test yìí ṣe rí nìyẹn."

Mi ò fura sí nǹkan kan. Mo ṣáà ń kọ̀wé lọ lójú bọ́ọ̀dù.

Bọ́lá tún ní, "Mà, ṣé confidence interval náà nílò máàkì méjì?"

"Rárá. Ẹyọ kan ti tó láti fojú díwọ̀n ibi tí ìpíndọ́gba wà."

"Ẹ jẹ́ ká fi ti táàmù tó kọjá ṣe ìyẹn, mà. Tósìn wà níbẹ̀."

A ṣe é. Máàkì Tósìn fa ìpíndọ́gba wa wálẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Mo ti délé, mo ti jẹun, mi ò mọ adùn oúnjẹ náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, kí lẹ̀yin ì bá ti sọ fún Bọ́lá nígbà tó dárúkọ Tósìn?