Àpò Iyanrìn Tó Rọ̀ Mọ́ Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi

Kí wọ́n tó gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù Atakpamé, èmi àti ìyá rẹ̀ kò tíì bára wa fa ọ̀rọ̀ rí. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Abúlé wa kò jìnnà sí Glei, iṣẹ́ oko la sì ń ṣe. Àwọn Faransé ń fa ojú irin lọ sí ìhà òkè, gbogbo abúlé ló sì gbọ́dọ̀ yọ ọkùnrin sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Kì í ṣe iṣẹ́ téèyàn ń wá lọ. Àwọn gáàdì kọmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ló ń wá kó èèyàn lọ síbẹ̀. Wọ́n kó ọkọ mi mọ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ dojú dé lé e lórí, eegun itan òsì rẹ̀ sì kán.

Ká ní ilé ló ti kán, ato-eegun abúlé wa ni ì bá tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ló wà, àwọn tó ni iṣẹ́ ló sì gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí ìròyìn kàn wá, ìyá ọkọ mi di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n di tèmi.

“Àwọn tó fi iṣẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ náà ló ni ilé tí wọ́n gbé e lọ,” ó ní. “Ìwọ náà rò ó wò.”

Mo rò ó, mo sì di ẹrù mi.

Ohun tá a bá níbẹ̀ kò jọ ohun tá a ti rí rí. Wọ́n ti fi bíríkì gbé ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi sókè, orí rẹ̀ wá rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n lẹ aṣọ mọ́ ojúgun rẹ̀ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ aṣọ náà, okùn náà sì gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń yí kọjá níbi ìparí bẹ́ẹ̀dì. Ní ìdí okùn ni àpò iyanrìn kan rọ̀ sí, tó ń fa ẹsẹ̀ náà láìsinmi.

“Bí wọ́n ṣe ń so ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ bó awọ rẹ̀ nìyí,” ni ìyá ọkọ mi wí.

Ọkùnrin kan tó wá láti ìhà etíkun ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn lábẹ́ dókítà òyìnbó. Èdè Èwè ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Èmi gbọ́ Èwè díẹ̀, torí pé láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà ní Glei. Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ ju Ifẹ̀, èdè abúlé wa, lọ. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé bí eegun itan bá kán, ẹran itan yóò máa fà á sókè, apá kan yóò sì gun orí èkejì. Bó bá jiná bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ yóò kúrú. Àpò iyanrìn yẹn ló ń fà á sísàlẹ̀ kí eegun lè kojú ara wọn.

Mo yí i sí Ifẹ̀ bí mo ṣe lè yí i. Ìyá ọkọ mi ń wo ẹnu mi.

“Èyí tó sọ gùn,” ó ní, “èyí tó o sọ fún mi kúrú. Èwo lo gbé mì?”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gba ẹnu mi gbọ́ mọ́.

Ohun tó tún bà á lẹ́rù ni bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Àgbẹ̀ ni, láti ìhà Elavagnon, ó sì gbọ́ Ifẹ̀ bíi tiwa. Ejò ló ṣán an lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà jẹrà, wọ́n sì gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi báńdéèjì di kùkùté ẹsẹ̀ náà pinpin, kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè wọ inú ẹsẹ̀ igi tí káfíńtà kan ń gbẹ́ fún un. Kí ẹsẹ̀ igi náà tó dé, ó ń fi ọ̀pá méjì há abíyá rìn kiri yàrá.

“Bàbá,” ni ìyá ọkọ mi wí, “ṣé wọ́n kọ́kọ́ so àpò iyanrìn mọ́ tiyín náà ni?”

“Rárá o. Tèmi ti bàjẹ́ kí n tó débí.”

“Ibo ni wọ́n wá gbé èyí tí wọ́n gé sí?”

“Wọ́n ní àwọn sin ín sẹ́yìn ilé.”

Ìyá ọkọ mi lọ wo ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó padà, ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti hú ilẹ̀. Ó wá rọra sọ sí mi létí pé bàbá náà kò lè sọ òótọ́, nítorí inú ilé wọn ló ń sùn, oúnjẹ wọn ló sì ń jẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú, tí àwọn aláìsàn ń rẹjú, ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn wọlé, ó sì bá àpò iyanrìn náà lórí àpótí tí èmi àti ìyá ọkọ mi máa ń jókòó lé. Okùn ti dẹ̀. Àpò tó bá ti jókòó, kò fa nǹkan kan mọ́. Ó pè wá láti ibi tá a ti ń dáná nínú àgbàlá, ó bi wá ta ló ṣe é. Èmi kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun kò mọ̀. Ọkọ mi di ojú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó sùn.

“Màmá yìí ni,” ni ọkùnrin náà wí fún mi. “Àánú ọmọ rẹ̀ ń ṣe é. Sọ fún un kó má tún ṣe bẹ́ẹ̀.”

Kí n má parọ́, èmi náà rò pé òun ni. Ta ni kò mọ bó ṣe kórìíra àpò yẹn? Nígbà tí wọ́n tún bá a lórí àpótí, wọ́n ní kí ìyá ọkọ mi má wọlé mọ́, kó máa kí ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó dúró nínú oòrùn, ó sì mú irin fèrèsé dání.

“Kí lo sọ fún un nípa mi?” ó bi mí.

“Ìyá, n kò sọ nǹkan kan.”

“O sọ ọ́. Mo rí ètè rẹ.”

Ó ti wà níta fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí àpò tún jókòó sórí àpótí. Báyìí, èmi ni ọkùnrin náà ń wò. N kò lè jẹun. Mo ń fura sí ẹni tó ń gbálẹ̀, mo ń fura sí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, bóyá ṣe ló fẹ́ ba ẹsẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n lè rí nǹkan gé. Mo wá ṣe bí ẹni tó lọ pọn omi, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò pẹ́ tí bàbá ará Elavagnon fi dìde. Ó há ọ̀pá mọ́ abíyá, ó wá síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi, ó fi ọ̀pá kan ti àpótí sábẹ́ okùn. Ó fara ti bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ kan gbé àpò iyanrìn náà, ó sì gbé e jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló.

Mo jáde sí i. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹni tó ti pàdánù ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń wá ẹni tí wọn yóò jọ pàdánù.

“Bàbá, kí ni ọkọ mi fi ṣe yín?”

Kò tiẹ̀ gbọ̀n. “Bi òun léèrè,” ó ní.

Ọkọ mi la ojú. “Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́.”

Ó ní kí n sún mọ́ òun.

“Bí ẹsẹ̀ yìí bá jiná gún régé, ibo ni wọ́n á mú mi lọ? O kò dé ojú irin yẹn. Èmi dé ibẹ̀. Wọn kì í kó ẹni tó bá ń tiro.”

“Ẹ ó wá máa tiro títí ayé?”

“Màá wà nílé títí ayé.”

Bàbá náà ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun ní wà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin náà, òun kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọkọ mi bẹ òun, òun kò lè sọ pé rárá.

“Ìyá yín wà nínú oòrùn níta,” ni mo wí fún ọkọ mi, “nítorí ohun tí kò ṣe.”

“Má sọ fún un. Kò lè pa á mọ́ra. Àwọn gáàdì á gbọ́.”

Mo fa àpótí náà yọ, àpò sì já wálẹ̀, okùn le. Ọkọ mi payínkeke. Mo gbé àpótí náà jáde, n kò sì gbé e wọlé mọ́. Ilẹ̀ ni mo ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ó bí ẹni tí n kò mọ̀. Ẹni tó lè di ojú pọ̀ nígbà tí wọ́n ń lé ìyá rẹ̀ síta, kí ló kù tí kò lè ṣe?

Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí dókítà mú okùn ìwọ̀n wá, tó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti eegun ìbàdí dé kókósẹ̀, ó mi orí. Eegun ti ń mú ara wọn, apá kan sì ti gun èkejì. Ó ní òun lè fún un ní oògùn oorun, kí òun tún eegun náà ṣẹ́, kí òun sì bẹ̀rẹ̀ sí fà á lákọ̀tun. Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi lójú fèrèsé.

“Wọ́n fẹ́ tún un ṣẹ́,” ó ní. “Ohun tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Ọkọ mi ní òun kò fẹ́. Dókítà wò ó pẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ní Faransé. Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn kò túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Mo gbà pé dókítà náà mọ̀ pé ṣe ló fẹ́ máa tiro.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ igi bàbá ará Elavagnon dé. Ó ní ihò tí wọ́n fi awọ tẹ́ nínú, ó sì ní bẹ́líìtì tó ń dì í mọ́ ìbàdí. Nígbà àkọ́kọ́ tó tẹ ẹsẹ̀ igi náà mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, òógùn bò ó, ó sì ní ó ń já òun jẹ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá ọkọ mi kò gbà láti fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òun irú igi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àti ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

A délé. Ọkọ mi ń tiro, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Nígbà tí àwọn gáàdì tún wá kó èèyàn, wọ́n ní kó bọ́ aṣọ, kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tì í lójijì láti ẹ̀yìn, bóyá yóò gbàgbé ara rẹ̀ kó sáré. Ó ṣubú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi í sílẹ̀, wọ́n kó àwọn mìíràn. Ọdún yẹn, ọkọ tèmi wà lóko pẹ̀lú mi nígbà tí àwọn obìnrin mìíràn ń dá ebè kọ. Inú mi dùn, n kò sì lè wo ojú wọn. Wọ́n ń wò wá. Àwọn kan ń sọ pé a lo oògùn.

Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ọsibítù ló gé ọmọ òun kúrú. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń rí ni ẹ̀rí.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan wá já bọ́ láti orí igi máńgòrò, itan rẹ̀ kán. Ìyá ọmọ náà fẹ́ gbé e lọ sí Atakpamé. Bàbá rẹ̀ kọ̀, ó nawọ́ sí ọkọ mi tó jókòó síwájú ilé wa, ó ní, “Ṣé irú èyí lo fẹ́ kí wọ́n fún wa?”

Ọkọ mi dìde, ó tiro lọ bá wọn. Mo tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

“Kì í ṣe dókítà ló ṣe é,” ni ọkọ mi wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àpò iyanrìn náà jókòó. Ojú irin ni mo ń sá fún.”

Aládùúgbò wa wò ó láti òkè délẹ̀. “Kí ni wọ́n fún ọ kó o lè máa sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọn kò fún mi ní nǹkan kan.”

“Ṣé o mọ ohun tí àwọn gáàdì yóò ṣe fún ọ bí èyí bá jẹ́ òótọ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Nígbà náà, kì í ṣe òótọ́,” ni aládùúgbò wa wí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá ato-eegun. Ìyẹn fi òrí pa itan náà, ó fi pákó ọparun dì í, ó sì jiná. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń sáré. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí a gbàgbé. A ń retí àwọn gáàdì fún ìgbà pípẹ́, wọn kò wá bi wá ní nǹkan kan.

Ìyá ọkọ mi kò gbé orí sókè kúrò nínú ẹ̀wà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣà á tán, ó bi mí:

“O mọ̀?”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a fi jẹ iṣu tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọsibítù lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kó tó yọ̀ ṣubú lórí àpáta odò, tí eegun apá rẹ̀ sì ṣẹ́. A ti ń múra láti ránṣẹ́ sí ato-eegun nígbà tó ní rárá, Atakpamé ni òun ń lọ. Ọkọ mi dìde láti wá ọkọ̀ fún un.

“Ìwọ jókòó sílé,” ó wí fún un. “Ìyàwó ni yóò jókòó tì mí.”

Èmi ni mo bá a lọ. Wọ́n to apá náà, wọ́n fi ẹfun tó ń le bí òkúta bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ó nà án jáde, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì fún ìgbà pípẹ́, méjèèjì dọ́gba, ó ní kí a máa lọ sílé.