Aṣọ Ìwàásù Tẹ́lọ̀ Ẹ-Padà-Lọ́la

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí pásítọ̀ ká Tẹ́lọ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì. Ẹ-Padà-Lọ́la làwọn oníbàárà ń pè é, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí. Bó ṣe tajú kán rí pásítọ̀ lókèèrè tó ń bọ̀ wá gba aṣọ rẹ̀ ló ti kó sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó ní kí ìyàwó òun sọ pé òun jáde. Ìyàwó rẹ̀ kò lè purọ́ fún pásítọ̀, ó kàn gbé àga fún un. Pásítọ̀ jókòó, ó ń ka Bíbélì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó pẹ́, ohùn kan jáde nísàlẹ̀.

"Màmá wọn, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Rárá o," pásítọ̀ ló dáhùn. "Mo ṣì wà níbí."

Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Tẹ́lọ̀ ti mọ̀ pé Ọlọ́run ń pe òun láti máa wàásù fáwọn aláìsàn ní ọsibítù. Kò jiyàn ìpè náà rí. Ojú èèyàn ló ń bà á lẹ́rù. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti kọjú sí i, ẹnu rẹ̀ kì í ṣí mọ́. Ló bá ń sọ fún Ọlọ́run ohun tó ń sọ fáwọn oníbàárà.

Ó ní bí aṣọ ìwàásù òun bá ti parí, òun á bẹ̀rẹ̀. Aṣọ dúdú gidi ni. Ó gé e, ó fi òwú funfun so ó pọ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó fi ẹ̀rọ rán an. Àmọ́ bó bá ti kù díẹ̀, á ní apá rẹ̀ gùn jù, á tún tú u. Ọdún méjìdínlógójì ló fi tú u.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, "ṣé apá yín ló ń kúrú ni?"

"Ìwọ ò mọ iṣẹ́ tẹ́lọ̀."

"N ò mọ iṣẹ́ tẹ́lọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ tẹ́lọ̀."

Tẹ́lọ̀ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ fà ro. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọlọ́run á sì ti lọ bá ẹlòmíì."

"Pásítọ̀ tó jẹ́ èèyàn bíi tiwa jókòó tì yín títí ẹ fi jáde lábẹ́ tábìlì. Ọlọ́run lẹ wá rò pé ó ti lọ?"



Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Tẹ́lọ̀ gbé aṣọ náà wọ̀ bó ṣe wà, tòun ti òwú funfun lápá, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ sí ọsibítù. Aláìsàn méje kọjú sí i. Ó ṣí Bíbélì, ẹnu kò ṣí. Ìyàwó rẹ̀ di igi ẹnu ọ̀nà mú. Bàbá kan tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán kọ́ sókè ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, ọ̀gá. Ibo la fẹ́ lọ?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tẹ́lọ̀ náà rín, inú ẹ̀rín yẹn ni ohùn rẹ̀ ti jáde. Fún ọdún mẹ́rin tó kù tó lò láyé, aṣọ oníbàárà kò yá rí, àmọ́ kò pa Ọjọ́rú kan jẹ.

Nígbà tó kú, aṣọ náà ni wọ́n fẹ́ fi sin ín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú àlùmọ́gàjí, ó fẹ́ já òwú funfun náà kúrò. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tí wọ́n ń lọ bá ti ń dúró dè wọ́n látìgbà tí aṣọ yìí ò tíì lápá."