Nígbà Tí Mo Fẹ́ Kọ́ Kọ̀ǹpútà Ní Yorùbá

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọdún náà ni bí ìyá mi ṣe ń gbé Bíbélì rẹ̀ lọ sójú fèrèsé láàárọ̀, tí yóò yí i síhìn-ín, tí yóò yí i sọ́hùn-ún, bíi pé ìmọ́lẹ̀ ló fi nǹkan pamọ́ fún un. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú. Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èdè Yorùbá ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Súrùlérè, àwọn tó ti di bàbá ọlọ́mọ àti ìyá ọlọ́mọ sì ṣì máa ń kí i tìdọ̀bálẹ̀-tìkúnlẹ̀ lójú pópó. Dókítà sọ fún wa pé àrùn tó mú un lójú kì í ṣe èyí tí iṣẹ́ abẹ lè dá padà; èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kàn lè bá wa di ìyókù mú ni. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ti ń bọ̀ nílé, ó ní, "Ojú ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ku etí." Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi ní tèmi, mo rò pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ láyé. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀fíìsì kan ní Yaba, níbi tí àwa ọ̀dọ́ mélòó kan ti ń ṣe ètò orí fóònù táwọn èèyàn fi ń fowó ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀fíìsì náà tutù, àga ibẹ̀ ń yí, kọfí ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo fẹ́ràn káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fún wa débi pé mo máa ń gbé e kọ́rùn lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé àkísà ń bẹ láyé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí, ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀. Òun ló rán mi nílé ìwé lẹ́yìn ikú bàbá wa, ó sì máa ń fi mí yangàn lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Àbúrò mi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun."

Mo ra fóònù tuntun fún ìyá mi, mo sì tò ó kó máa ka ohun tó bá wọlé sókè fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ tó kà wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ọkọ̀ bíṣọ́ọ̀bù bàjẹ́ lọ́nà, kí ìpàdé sún síwájú díẹ̀. Ohun tí fóònù náà pè jáde ni pé ọkọ bíṣọ́ọ̀bù bàjẹ́ lọ́nà.

"Bíṣọ́ọ̀bù lọ́kọ?" ni ìyá mi wí. "Ọkọ ọ̀hún sì tún ti bàjẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kó ka sáàmù kan fóun. Ó tẹ́tí sí i. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Pa á," ló wí. "Èdè tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n ò lè máa gbọ́ ọ báyìí lọ́jọ́ alẹ́ mi." Ó ti fóònù náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Mo sọ fún un pé kó fún mi lóṣù kan péré, màá tún un ṣe. Ẹ wo ẹnu mi!

Ìgbà tí mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà ni mo rí i pé àwọn ọ̀mọ̀ràn ti fi ọdún gbọọrọ ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi oṣù kan parí. Mo bá ẹ̀kọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, àti àwọn ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Mo rí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà kan tí wọ́n ń pàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán Sátidé, tí oníkálukú wọn ń gbìyànjú láti kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè ìyá rẹ̀. Àwọn ni wọ́n là mí lójú pé kọ̀ǹpútà kò ya dìndìnrìn, kò kàn tíì gbọ́ Yorùbá tó ni. Ohùn èèyàn tó ń kàwé tòun ti àmì ohùn rẹ̀ kò pọ̀ níbi tó ti lè rí i kọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kò lágbára iṣẹ́ náà. Ní ìdájí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń lo àwọn kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́ láti òkè òkun, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti ń dùn báyìí ni wọ́n á já mi kúrò, bí onílé tó lé ayálégbé síta, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, inú mi ń dùn sí i ju gbogbo ohun tí mò ń ṣe ní ọ̀fíìsì lọ. Mo mọ̀ nígbà náà pé olùwádìí ni mo fẹ́ dà.

Mo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa.

"Ìwádìí?" ló wí. "Kí ló sọnù? Àbí o ti di ọlọ́pàá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wà fún un. Wọ́n máa ń gbọ́ bùkátà ẹni tó bá ń ṣe é."

"Àwọn wo?"

"Wọ́n wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Àwọn tó ní àwọn fẹ́ fi ogún bàbá wọn ta mí lọ́rẹ, pé kí n ṣáà fi nọ́ńbà báńkì mi ránṣẹ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn náà wà." Ó ti àwo oúnjẹ síwájú. "O níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Màámi ò ríran mọ́. Àsìkò yìí lo wá fẹ́ máa bá ẹ̀rọ sọ Yorùbá?"

Ẹ̀gbọ́n mi lọ láìjẹun tán, ó sì pẹ́ kó tó tún pè mí.

Àwọn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí mo fi fọ́nnu kọ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ̀ mí, èyí tó mú kó dunni jù. Nínú ẹgbẹ́ wa ọjọ́ Sátidé, obìnrin Yorùbá kan wà tó ń kọ́ni ní yunifásítì lókè òkun, Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Ó máa ń bá àwọn tó ń wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ka ohun tí wọ́n bá kọ, kì í sì í gba nǹkan kan. Mo fi tèmi ránṣẹ́. Ó pè mí.

"Mo kà á tán o. Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ dùn. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Mà."

"N ò rí ẹ níbẹ̀. Kí ló gbé ẹ dédìí iṣẹ́ yìí gan-an?"

Mo wá sọ ìtàn ọkọ bíṣọ́ọ̀bù fún un. Ó rẹ́rìn-ín débi pé n ò rí ojú rẹ̀ mọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyẹn ni kó o kọ. Má sì tíì fò lọ sórí òrùlé. Kọ́kọ́ wá ìrànwọ́ kékeré tó o lè fi ṣe iṣẹ́ kékeré kan yọrí, kí wọ́n lè rí nǹkan tọ́ka sí." Ó fi ojú ìwé kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sí. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí i fún mi: wọ́n fún wa ní ohun tí a máa fi gba ohùn àwọn tó ń ka Yorùbá sílẹ̀.

Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti gba ohùn náà, nítorí pé ògiri ibẹ̀ nípọn. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹlẹgbẹ́ ìyá mi, ló wá kàwé fún wa, mo sì ní kí ìyá mi bá mi jókòó kó lè máa gbọ́ ibi tí ohùn bá ti yẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe fún un. Obìnrin tí kì í fẹ́ kúrò lórí ibùsùn mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí n tó jí, á wẹ̀, á wé gèlè, á ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí òun pẹ́. Bí ẹnì kan bá kàwé tí ohùn rẹ̀ wọ́lẹ̀ níbi tó yẹ kó ròkè, á gbé ìka sókè. "Ẹ tún un kà, Tíṣà." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á rántí ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti kú, wọ́n á sì tún un kà. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, mo tún gbọ́ tí ìyá mi ń kọrin nílé ìdáná.

Iṣẹ́ kékeré yìí ni àwọn tó ń fúnni ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ńlá kan rí, tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò ti wó òpó iná ní àdúgbò wa, íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù kò já gaara, n ò sì lè ṣe é ní ọ̀fíìsì lójú ọ̀gá mi. Mò ń lọ mò ń bọ̀ nínú pálọ̀. Ìyá mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Ó fọwọ́ wá fóònù rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó ní kó o máa bọ̀ ní Ládìpọ̀," ló wí. "Iná wà lọ́dọ̀ òun."

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti kó ẹ́ńjìnnì kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó ti nù ún, ó sì ti ta aṣọ sẹ́yìn àga kí wọ́n má bàa rí àwọn páìpù tó so kọ́. Sólà orí òrùlé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ariwo! Ìlà ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tirẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òòlù na ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀.

"Ṣé dandan ni kí wọ́n gbọ́ ẹ ketekete?" ló bi mí.

"Dandan ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi fẹ́ bá àwọn kan sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi gbé òòlù sílẹ̀."

"Alága, títí dìgbà wo?" ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń na ọkọ̀ bi í.

"Títí á fi parí. Ẹ ṣàánú mi."

Òòlù kan dákẹ́, òmíràn dákẹ́, títí gbogbo ìlà náà fi pa rọ́rọ́. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Ládìpọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, níwọ̀n ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lágbára ju èmi lọ, kí ni mo fẹ́ ṣe tí wọn ò ní ṣe? Mo gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí. Mo sọ nípa obìnrin kan tó fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí torí pé kò lè fara da bó ṣe ń pe èdè rẹ̀, tó sì ń tilẹ̀kùn mọ́rí láti sunkún kí àwọn ọmọ rẹ̀ má bàa gbọ́. Mo ní bí ẹ̀rọ bá ṣì í pè, ilé iṣẹ́ ńlá kò ní mọ̀. Ní ilé wa, a máa mọ̀. Bí mo ṣe pa kọ̀ǹpútà dé, ẹnì kan yọrí láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ṣé wọ́n ti gbà á?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òòlù sì tún bẹ̀rẹ̀ gbàù-gbàù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ra àkàrà àti búrẹ́dì fún mi, ó jókòó tì mí. "Ohun tó o sọ nípa Màámi yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Bí mo bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣe ló máa ń bá mi ṣàwàdà." Ó wolẹ̀. "N ò mọ̀ rárá."

Wọ́n gbà mí. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ odidi ni, lókè òkun, fún ọdún mélòó kan. Mo ka èsì náà, ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ fún ìyá mi pé mi ò lọ. Ta ni màá fi í sílẹ̀ fún? Ohùn rẹ̀ le sí mi lọ́jọ́ náà bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. "Bó o bá jókòó tì mí, ojú mi ò ní torí ẹ̀ là. Ọ̀nà tìẹ nìkan ló máa dí kún un." Mo ṣì ń kọminú títí di ọjọ́ tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń fọn fèrè níta. Ẹ̀gbọ́n mi ni, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn kékeré, àti bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dè mọ́ orí ọkọ̀. Wọ́n ti kó kúrò nílé tí wọ́n rẹ́ǹtì ní Mushin. "Ṣebí ilé bàbá wa ni," ló wí, kò sì wo ojú mi. "A kàn padà wálé ni."

Báyìí, mo ti dé látòkè òkun, mò ń kọ́ni ní Yaba, mo sì ń bá ìwádìí mi lọ. Ẹ̀rọ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń ka Yorùbá tó ṣeé gbọ́ létí. Àwọn afọ́jú ń kọ̀wé sí wa láti Ìlọrin àti Abẹ́òkúta, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n sì ń bá wa tọ́ka sí àṣìṣe. Ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń kàwé fún un ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ náà ń ṣi ohùn pè, tí ìyá àgbà ń tọ́ ọ sọ́nà, tí wọ́n ń jiyàn. Mo fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, ìyá mi sì fọwọ́ tọ́ mi léjìká. "Ẹ̀rọ yín ti gbọ́n o," ló wí, "ṣùgbọ́n kì í bi mí léèrè ọ̀rọ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi pé kí n fi ọ̀nà ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ hàn wọ́n. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá láti Mushin, ó ti kọ gbogbo ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀: orí ojú ìwé wo ni kí òun máa wò, ta ni kí òun kọ̀wé sí, irú ẹ̀kọ́ wo ni kí òun kọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní àwọn ìdáhùn náà lọ́wọ́, mo sì máa ń fún gbogbo ẹni tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló wà nílé yín?" Ó wò mí bí ẹni tí kò retí ìbéèrè náà. Ó ní bàbá òun ni, pé ara rẹ̀ kò yá, pé òun ò tíì sọ ohunkóhun fún un. Mo fa àga kan sún mọ́ ọn, a sì jókòó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ṣí kọ̀ǹpútà.