Èjìká Anselmo lábẹ́ Ìyá Wa

Kò sí ẹni tó mọ Anselmo Piamba tó mi ní gbogbo orí òkè wa yìí. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa ti ń hù ni èjìká èmi àti tirẹ̀ ti jọ ń wà lábẹ́ ère Màríà Wúńdíá ní ọ̀sẹ̀ mímọ́. Ère náà àti pèpéle onígi tó dúró lé wúwo ju màlúù méjì tó lóyún lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá gbé e wò. Àwa tí à ń gbé e, gíga wa dọ́gba bí ẹni pé okùn kan ni wọ́n fi wọ̀n wá.

Gàárì ẹṣin ni Anselmo ń rán. Ó lawọ́, ó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì gba Ọlọ́run gbọ́. Kò fi pamọ́, kò sì fi yangàn. Rosaura ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń kú lọ pé kó má fi ọ̀pá tí a fi ń gbé Ìyá Wa sílẹ̀ láyé, ó sì ṣèlérí fún un.

Àfi bí Fáda Evaristo, ọ̀dọ́mọdé àlùfáà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ṣe wọlé bá wa ní ìsọ̀ Anselmo níbi tí mo ti ń mu omi ìrèké gbígbóná. Ó ní òun gbọ́ pé Bàbá Anselmo kò gbàgbọ́, ẹni tí kò sì gbàgbọ́ kò lè gbé Ìyá Ọlọ́run mọ́. Ó ní ẹ̀bi bàbá ni, torí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Anselmo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Fáda, mo kan ilẹ̀kùn yẹn nígbà tí Rosaura ń kú. Mo tún kàn án lẹ́yìn tí a sin ín. N ò gbọ́ ohùn kankan. Ṣé ẹ̀bi ẹni tó kanlẹ̀kùn nìyẹn?”

“Bóyá ẹ ò dúró pẹ́ tó, bàbá.”

“Mo ṣì wà lójúde. Ọdọọdún ni mò ń gbé ìyá onílé kọjá níbẹ̀.”

Fáda kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Liborio alágogo ló fi dípò Anselmo. Onígbàgbọ́ pọ́ńbélé ni Liborio, àmọ́ àyà mi ni orí rẹ̀ mọ. Lọ́jọ́ ìwọ́de ọ̀sẹ̀ mímọ́, a ká aṣọ òtútù lé e léjìká títí ó fi dà bí ìbákasíẹ. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kọjá níwájú ilé Anselmo, aṣọ yọ̀, pèpéle sì dagun. Ìyá Wa wá kọjú sí òrùlé bí ẹni tó ń wá ibi tó ń jò.

“Ẹ̀yin òpó iná wọ̀nyí,” Liborio ń mí hẹlẹ, “ta ló ní kẹ́ ẹ ga tó báyìí?”

Mo ní kó dákẹ́, okùn agogo nìkan lọwọ́ rẹ̀ ń tó.

Anselmo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó di fìlà mọ́ àyà, kò gbẹ́sẹ̀. Doña Hermelinda, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, fa aṣọ àlùfáà.

“Fáda, ọmọ mi, ìgbàgbọ́ dà bí oorun. A kì í na ènìyàn kó lè sùn. Ẹ pè é.”

Fáda wo ère, ó wo Anselmo, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Bàbá Anselmo, ẹ jọ̀ọ́, èjìká yín.”

Liborio yọ èjìká, Anselmo wọlé sábẹ́ ọ̀pá. Pèpéle gún régé, mo sì fi ojú ara mi rí i tí Ìyá Wa mí kanlẹ̀. Títí dòní, ọkùnrin náà kò gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, Fáda a máa wá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, wọn a jọ máa mu omi ìrèké, wọn a jọ máa jiyàn. Èmi ni mo sì máa ń jàre àwọn méjèèjì.