Ohùn Bàbá Tó Wà ní Ibiade

Ohùn àwọn àgbà la máa ń gbà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Agọ́-Ìwòyè: Ìjẹ̀bú ògidì, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń lù pọ̀ mọ́ Òyìnbó. Torí iná àti olè, a gbé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kejì sí Ibiade, sínú yàrá àbúrò kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Mọ́tò la kọ́kọ́ fi gbé gbogbo ohùn náà lọ, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, Ọlọ́run nìkan ló mọ irú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá yí padà lọ́dọ̀ wa nìkan ni ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́. Ó yá, kì í sì í jẹ dátà.

Ohùn bàbá àbúrò yìí wà níbẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú Bàbá lẹ́yìn tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí àbúrò fi ẹ̀dà kan sórí fóònù ẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi? Kí ni mo tún ń wá?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ jẹun dé, mo bá ọ̀gá wa tí wọ́n ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán.

"Ẹ̀rọ wa ti kún. Mo ti pa gbogbo ohùn yẹn rẹ́. Ṣebí ó wà ní Ibiade?"

Lójú tiwọn, iṣu ti dé abà, kí ló tún ń wá nínú ilé? Wọ́n tiẹ̀ ti da ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ, níbi tí à bá ti kó ohun tí a pa rẹ́ padà, nù pẹ̀lú. Ọ̀gá kì í fi ìdọ̀tí sùn!

"Yéè! Ọ̀gá, ẹ pa wá!"

Ẹ̀rọ Ibiade kì í ṣe abà. Ohun tí a bá ṣe níhìn-ín ló ń ṣe lọ́hùn-ún: a fi kún un, á fi kún un, a pa á rẹ́, á pa á rẹ́. Mo fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ. Mo pe àbúrò pé kó yáa pa ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ ẹ̀. Fóònù ẹ̀ ò lọ. Mo tún pè, mo tún pè, kí n tó rántí pé Jímọ̀ ni. Ó wà ní mọ́ṣáláṣí, ó ti pa fóònù bí ààfáà ṣe máa ń kìlọ̀. Ta ni mo fẹ́ bú? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo jókòó bí òpònú. Ọ̀gá ní ó yẹ kẹ́nì kan ti sọ fún àwọn. Ká ní mo yanu, èébú ni ì bá jáde.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni àbúrò fi pè padà. "Àǹtí, ẹ kú Jímọ̀ o!" Mo ní kó lọ wo ẹ̀rọ.

"Kò mà sí nǹkan kan níbí o."

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ jókòó ti Bàbá lọ́jọ́ tí ẹ gba ohùn wọn. Ibi tí wọ́n ti kì mí, ṣé ẹ rántí ẹ̀?"

Mo rántí. Mo ka oríkì náà fún un bí bàbá ẹ̀ ṣe kà á lọ́jọ́ náà, mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo ń gbọ́ tó ń fa imú.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ó ní. "Àmọ́ ohùn Bàbá kọ́. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì mí mọ́."