Ogun Kírìjì ní Pápá Orozo

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ní pápá ìṣeré kan ní Orozo, lẹ́yìn ìlú Abùjá, àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní àdúgbò náà fi ọjọ́ méjì ja Ogun Kírìjì lójú gbogbo ènìyàn, a sì jà á tán láìsí òkú kan nílẹ̀. Èmi ni mo dá ètò náà sílẹ̀. Inú mi dùn sí i títí di òní, n kò sì rí ìdí tí mo fi ní láti fi ayọ̀ náà pamọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà náà, mo sì ti kó kúrò láàrin ìlú wá sí Orozo, níbi tí ilẹ̀ ṣì gba ènìyàn láyè láti gbin igi mángòrò sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Àwọn Yorùbá tí mo bá níbẹ̀ ti ibi gbogbo wá: káfíńtà láti Iléṣà, bíríkìlà láti Ìbàdàn, awakọ̀ láti Èkìtì, àti àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ta páànù ní ọjà Dei-Dei. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe ìpàdé, àwọn ọmọ wa a jókòó sẹ́yìn, wọn a gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi dá wa lóhùn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan bóyá Yorùbá tilẹ̀ jagun rí. Mo ní a bá ara wa jà fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo àgbàlagbà tí ń pa àlọ́. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó yẹ kí n là á yé ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ìbàdàn wà ní apá kan. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn wà ní apá kejì. Wọ́n dó sí àárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí, wọ́n ń wo ara wọn láti orí òkè sí orí òkè, títí àgọ́ fi di ilé, tí àwọn ọmọ tí a bí sí àgọ́ sì fi ń sáré kiri nínú rẹ̀. Ìró ìbọn tuntun tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí rà ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ṣẹ́gun. Àdéhùn ni ó parí rẹ̀.

Baálẹ̀ àwọn Gbágyì, tí ó ni ilẹ̀, yọ̀ǹda pápá fún wa. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn kò fẹ́ gbóòórùn ẹ̀tù, nítorí náà káfíńtà gbẹ́ ìbọn onígi. Ní ti ìró, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan tí ń fi típà kó yanrìn ni ó bá wa wá ọgbọ́n rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ọmọṣẹ́ rẹ̀ a gbé ìlẹ̀kùn irin ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, a sì jù ú sílẹ̀ gbàà. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó dún, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sá wọlé.

Aránṣọ ni ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, opó ni pẹ̀lú. Òun ni ó rán ẹ̀wù ogun fún apá méjèèjì, láti inú àwọn aṣọ ògbólógbòó tí ó pa láró. Ọmọkùnrin méjì ni ó bí. Ẹ̀gbọ́n ti bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Àbúrò yìí ni ó kù fún un.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan, a pé jọ láti dán ogun wò. Bíríkìlà ni balógun Ìbàdàn, káfíńtà ni balógun Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, èébú wọn sì dùn ún gbọ́.

“Òṣómàáló!” ni bíríkìlà ké láti òdìkejì pápá. “Ẹ nàró, a ti san owó aṣọ!”

“Ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe iṣu, ẹ̀yin tí ń pè é ní isu,” ni káfíńtà dá a lóhùn, “kí ẹ tó wá jí i wà lóko wa!”

Ẹ̀rín gba pápá kan. Típà dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ náà, tí ó wà níwájú nínú ogun Èkìtì, di àyà mú, ó pòyì lẹ́ẹ̀kan, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì mira mọ́. Ó ṣe é dáadáa. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́.

“Dìde! Dìde nílẹ̀ yẹn!”

Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti ju aṣọ tí ó ń tún rán sílẹ̀, ó sì ti sáré wọ àárín ogun méjèèjì pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó fi ẹ̀wù fa ọmọ náà dìde.

“Màmá, eré mà ni.”

“Èwo ni eré? Ta ní ń fi ikú ṣeré? Ọmọ tèmi kò ní kú, ì báà ṣe Kírìjì, ì báà ṣe kín ni!”

“Àmín!” ni àwọn obìnrin yòókù dáhùn, ìyá kọ̀ọ̀kan sì wọ pápá, ó fa tirẹ̀ jáde. Kí a tó ṣẹ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí jagunjagun kan lórí pápá mọ́. Baálẹ̀, tí ó wá wòran, mi orí. “Kai,” ni ó wí, ó sì fi Haúsá sọ fún mi pé bí ó bá jẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni a rán lọ sógun nígbà náà, ìbá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, èmi àti bíríkìlà lọ sí ilé aránṣọ náà. Ó ti ká gbogbo ẹ̀wù ogun jọ sórí àga. Ó ní bí ẹnikẹ́ni yóò bá dùbúlẹ̀ bí òkú, ọmọ òun kò ní sí níbẹ̀, aṣọ òun pẹ̀lú kò ní sí níbẹ̀.

“Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó ṣubú,” ni mo wí, “àwọn ọmọ wa yóò rò pé bọ́ọ̀lù ni àwọn baba wọn lọ gbá.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni ẹ fẹ́ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ mi tí ó dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ní kí n má pè é mọ́. N kò ní wo ìkejì.”

Mo bi í léèrè ohun tí àwọn àgbà ìlú rẹ̀ máa ń wí nípa ẹni tí kò ti ogun dé.

“Wọ́n á ní ó bógun lọ. Ìyá ìyá mi kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Yóò ní rárá, ilé ni ó ń bọ̀, ọ̀nà ni ó jìn.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n tí a ó dá. Mo ní kí ẹni tí ìbọn bá bà má ṣe ṣubú. Kí ó ṣí fìlà, kí ó yí ẹ̀yìn sí ogun, kí ó sì máa rìn bọ̀ wá bá àwọn ènìyàn rẹ̀ láàrin òǹwòran, kí ó jókòó tì wọ́n. Kí ogun máa dín kù, kí ilé máa kún.

“Ó dára,” ni bíríkìlà wí. “Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ yìnbọn fún. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Balógun kì í kọ́kọ́ relé,” ni mo dá a lóhùn.

Aránṣọ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun yóò máa rí ọmọ òun bí ó ṣe ń bọ̀, òun gbà.

Ní Sátidé, a fi ìgbé ayé inú àgọ́ han àwọn ènìyàn: bí wọ́n ṣe ń sun iṣu, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ òkè. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ogun bẹ̀rẹ̀. Bí típà bá ti dún, balógun apá kan a na ọwọ́ sí ẹnìkan ní apá kejì, onítọ̀hún a sì ṣí fìlà, a máa lọ. Àwọn ìyàwó ń gba ọkọ, àwọn ìyá ń gba ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹbí wọn wà ní Iléṣà tàbí ní Ìbàdàn, tí wọn kò ní ẹnikẹ́ni ní Abùjá. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ pápá, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Aránṣọ náà fi ọwọ́ lu ẹní rẹ̀. “Ẹ máa bọ̀ níbí,” ni ó wí. Ẹní kún, àyè kan ṣoṣo ni ó fi ọwọ́ bò.

Ọmọ rẹ̀ kò sì dé. Gbogbo ìgbà tí típà bá dún, ọwọ́ bíríkìlà a fò ó. Àánú ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ogun Èkìtì ti tán lọ́tùn-ún, ó ti tán lósì, ọmọ náà nìkan dúró ti káfíńtà láàrin pápá. Mo rí aránṣọ bí ó ṣe ń nàgà, tí ó ń jókòó, tí ó tún ń nàgà. Níkẹyìn ó dìde.

“Bíríkìlà! Ṣé ojú rẹ kò tó ọmọ mi ni?”

“Ìyá, ṣé kí n yìnbọn fún un ni?” ni bíríkìlà bi í láti ọ̀ọ́kán.

“Jẹ́ kí ó máa bọ̀ nílé, jàre!”

Òǹwòran rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà na ọwọ́. Típà dún. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fìlà, ó yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Pápá náà fẹ̀, kò sì yára. Bí ó ṣe ń bọ̀, ẹ̀rín ń rọlẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ nìkan ni a ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ dúró títí ó fi dé. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lójú ọmọ náà.

“O pẹ́,” ni ó wí.

“Màmá, ogun ni.”

Lẹ́yìn náà ni èmi, gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ Aláàfin tí ó wá làjà, wọ àárín àwọn díẹ̀ tí ó kù, a ka àdéhùn, a sì tú àgọ́ ká.

Ọdọọdún ni a ń ṣe é láti ìgbà náà. Àwọn ènìyàn ń wá láti Karshi, wọ́n ń ti Abaji tí ó jìn wá pàápàá. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ẹní púpọ̀ sí i, kò sì sí ọkùnrin tí ó dá wà ní Abùjá tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni òun yóò yà sí bí ìbọn bá ba òun. Nígbà tí ó tó àkókò láti fi ètò náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ dárúkọ olùkọ́ yunifásítì kan tí ó mọ ìtàn náà dé ìjìnlẹ̀. Mo bọlá fún ìmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ẹni tí ń ka àwọn tí ó padà dé ni ó yẹ kí ó máa pàṣẹ ogun, wọ́n sì gbà. Aránṣọ náà ní òun yóò ṣe é, bí a bá ti lè gbà pé kò sí ẹni tí yóò dùbúlẹ̀. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ ní Sátidé tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá, ọdún 2008.